Àgbélébùú Lọ́wọ́ Aránṣọ Ọ̀wọ̀

Ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́, pàápàá jù lọ ẹ̀yin ẹgbẹ́ akọrin tí ẹ rán mi níṣẹ́, mo ti padà dé. Ara mi le, iyán ló sì mú mi sanra báyìí. Mo mọ̀ pé ẹ̀wù lẹ fẹ́ gbọ́. Ẹ ní sùúrù. Bí mo bá kọ́kọ́ sọ ti ẹ̀wù fún yín, kò sí ẹni tí yóò gbọ́ ìyókù lẹ́nu mi mọ́, ìyókù yẹn gan-an ló sì mú mi kọ ìwé yìí.

Fún àwọn tí kò mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀: ìdíje orin ni a bá lọ sí Ìbàdàn. Ẹgbẹ́ akọrin kan láti Ọ̀wọ̀ fẹ̀yìn wa balẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí a délé, a pe ìpàdé láti wádìí ohun tó fa ìjákulẹ̀ náà. Ẹnì kan sọ pé ó lè jẹ́ pé wọ́n mọ orin kọ jù wá lọ ni. A ní kó jókòó. Lẹ́yìn àròyé tó gùn, a fẹnu kò pé ẹ̀wù ni. Ẹ̀wù wọn funfun, ó balẹ̀ dáadáa léjìká, àgbélébùú pupa kan sì wà lẹ́yìn, láàárín èjìká méjèèjì, tó fi jẹ́ pé nígbà tí wọ́n kẹ̀yìn sí wa tí wọ́n ń jáde lọ, ńṣe ni gbogbo gbọ̀ngàn pa lọ́lọ́. Kò sí bí ènìyàn ṣe lè gbàgbé ẹ̀yìn ẹni tó nà án.

Bí ẹ ṣe yàn mí pé kí n lọ wá aránṣọ yẹn nìyí. Ẹ ní mo kàwé, mo lè bá àjèjì sọ̀rọ̀. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ń yìn mí, n kì í bá a jiyàn.

Ẹ̀bùn

Ará Ọ̀yọ́ tó bá rò pé òun ló ni èdè Yorùbá, kí ó lọ sí Ọ̀wọ̀. Bí mo ṣe sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, obìnrin méjì ń jà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo dúró gbọ́ ìjà náà títí ó fi parí, ohun kan ṣoṣo tó sì yé mi ni ẹni tó borí. Ilé wa, ulé ni tiwọn. Orúkọ ìlú wọn pàápàá, Ọ̀ghọ̀ ni wọ́n ń pè é láàárín ara wọn, ohùn kan sì wà láàárín rẹ̀ tí Ọlọ́run kò fi sí ọ̀fun mi. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti kọjú sí mi, wọ́n á yí ohùn padà, wọ́n á máa sọ Yorùbá tó mọ́ gaara bíi ti oníròyìn rédíò, díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀. Láti kékeré ni mo ti rò pé àwa ni ilé, pé àwọn yòókù ni oko. Lọ́jọ́ yẹn, èmi gan-an di ará oko.

Kò ṣòro láti rí aránṣọ náà. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, bàbá tó ń rán ẹ̀wù ṣọ́ọ̀ṣì ńkọ́?" Ẹni àkọ́kọ́ tí mo bi ló mú mi dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ní àárín ìlú, kò sì gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi.

Ẹ rántí ẹ̀bùn tí ẹ dì fún mi. A ti bá ara wa sọ ọ́ pé ẹni tó ń rán irú ẹ̀wù bẹ́ẹ̀, bí kò bá jẹ́ alàgbà, á jẹ́ díákónì. Nítorí náà la ṣe ra pátákó aláwọ̀ góòlù yẹn, tí wọ́n kọ ọ́ sí gàdàgbà pé JÉSÙ NI OLÓRÍ ILÉ YÌÍ. Mo gbé e lé itan láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Ọ̀wọ̀, mo ń ṣọ́ ọ bí ẹyin.

Ọkùnrin tí mo bá nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ dé fìlà funfun. Tẹ̀súbáà rẹ̀ rọ̀ mọ́ ọwọ́ ẹ̀rọ. Orúkọ rẹ̀ ni Alhaji Sàlámì.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti wá. Ṣé ẹ̀yin lẹ ń rán ẹ̀wù akọrin?"

"Èmi náà ni. Láti ìgbà tí mo ti ṣe fíríìdọ̀mù lọ́dọ̀ ọ̀gá mi ni mo ti ń rán an. Kí lo gbé dání yẹn?"

Kí n tó rí irọ́ kankan pa, ó ti na ọwọ́ gbà á, ó ti tú bébà ara rẹ̀. Ó kà á lẹ́ẹ̀kan. Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀, Ìyá Núrù, tó ń ta bọ́tìnì àti òwú ní igun ṣọ́ọ̀bù kan náà.

"Ìyá Núrù, wá wo ohun tí wọ́n gbé wá fún mi láti Ògbómọ̀ṣọ́."

Obìnrin náà kà á sókè ketekete, bí tíṣà tó ń kàwé fún ọmọ iléèwé. Ó gbójú sókè, ó wo ọkọ rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀. Ó ní, "Alhaji, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ ti gba oyè lórí yín."

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Ilẹ̀ ìbá lanu nígbà náà, ǹ bá wọlé. Alhaji nìkan ni kò rẹ́rìn-ín púpọ̀. Ó nu eruku ara pátákó náà, ó gbé e sí orí pẹpẹ tó ga jù, lókè àwọn aṣọ tí kò tíì gé.

Ó ní, "A kì í kọ ẹ̀bùn àlejò. Orúkọ ànábì ni wọ́n kọ síbẹ̀, a ò sì ní gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an lo tẹ̀ yìí. Jókòó."

Mo jókòó. Ó gbé òkìtì ẹ̀wù funfun kan síwájú mi, ti ìjọ kan ní Arímògìjà, ìlú kan tó jìnnà díẹ̀ sí Ọ̀wọ̀. Iṣẹ́ ti parí lára wọn, àfi ẹ̀yìn. Àgbélébùú pupa tó yẹ kó wà níbẹ̀ ni ó ti gé, ó dì wọ́n sọ́tọ̀ sínú àkísà kan, kò tíì rán èyíkéyìí.

Ó ní, "Ọmọ mi ọkùnrin, Núrù, lọ kọ́ kéwú ní Ìlọrin, ó ti padà dé. Ó bi mí ní ìbéèrè kan. Tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ló fi bi mí, torí mo kọ́ ọ dáadáa. Ó ní, Bàbá, nǹkan tí ẹ ń rán sí ẹ̀yìn ẹ̀wù wọn yìí, ṣé wọ́n ń sìn ín ni? Bí wọ́n bá ń sìn ín, ọwọ́ yín wà níbẹ̀. Mo gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀, mo sì di àwọn àgbélébùú yìí pa mọ́ títí n ó fi rí èsì."

"Ẹ ò bi àwọn oníbàárà yín?"

"Mo bi wọ́n. Òṣìṣẹ́ ìjọba kan, ẹni ńlá nínú ìjọ rẹ̀, ó ní ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀. Mo ní báwo ló ṣe jinlẹ̀? Ó ní ó jinlẹ̀ gan-an ni." Ó mi orí. "Núrù nìkan ni ọmọ mi tó mọ iṣẹ́ yìí. Bí ó bá kọ̀ ọ́, ṣọ́ọ̀bù yìí bá mi wọlẹ̀ nìyẹn. N kò sì ní í parọ́ fún un kó lè bá mi ṣe é."

Ó wá bá mi dá májẹ̀mú. Ọjọ́ kejì ni òun àti Núrù fẹ́ kó ẹ̀wù náà lọ sí Arímògìjà, kí n bá wọn lọ. Bí mo bá lè ṣàlàyé àgbélébùú fún un títí tó fi yé e, tó fi lè fi dá ọmọ rẹ̀ lóhùn láìpurọ́, ibẹ̀ ni yóò jókòó sí láti rán an mọ́ ẹ̀wù, yóò sì rán tiwa náà. Bí kò bá yé e, yóò kó ẹ̀wù fún wọn lófìfo, yóò bẹ̀ wọ́n, kò sì ní rán ẹ̀wù ṣọ́ọ̀ṣì mọ́ láé.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n, ṣé o lè ṣe é?"

Mo sọ fún un pé n kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo sọ ọ́. Lẹ́yìn náà mo ní ọ̀rọ̀ yẹn kò le rárá.

Lálẹ́, Ìyá Núrù bi mí ohun tí mo fẹ́ jẹ. Mo ní bí láfún bá wà. Ó wò mí bí ẹni tó béèrè sìmẹ́ńtì. Iyán ni ó gbé wá, ó funfun, ó dán, kò ní kókó kan ṣoṣo, ó sì dúró tì mí títí mo fi gé òkèlè àkọ́kọ́. Kò bi mí bóyá ó dùn. Ẹ̀rù kò ba ará Ọ̀wọ̀ lórí iyán.

Ìpele

Núrù ló wakọ̀. Mo ti rò pé n ó bá ọ̀dọ́kùnrin kan tó le koko pàdé, tí ń bínú sí gbogbo ayé. Ẹni tí mo rí jẹ́ géńdé tó ti tó ọgbọ̀n ọdún kọjá, irùngbọ̀n rẹ̀ mọ́, ó dọ̀bálẹ̀ kí mi, ó sì ń pè mí ní ẹ̀gbọ́n.

A kò tíì jáde nílùú tí mo fi bẹ̀rẹ̀. Orí Mẹ́talọ́kan ni mo ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ sì ni onílàákàyè kan kì í ti bẹ̀rẹ̀. Mo mú omi, mo mú yìnyín, mo mú ooru tó ń jáde lẹ́nu ìkòkò, mo ní ohun kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo fi ọ̀rọ̀ Gíríìkì méjì kún un. Alhaji gbọ́ mi jẹ́jẹ́.

Ó ní, "Ǹjẹ́ omi lè di yìnyín kó sì tún jẹ́ omi lẹ́ẹ̀kan náà, nínú abọ́ kan náà?"

Mo ní àpèjúwe lásán ni.

"Mo mọ̀. Ìwọ lo mú un wá." Ó gbá mi lórúnkún jẹ́jẹ́. "Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ̀wù ni mo béèrè, oko òwú lo ń mú mi lọ."

Ní Ìpele, akọrin ìjọ kan fẹ́ kí Alhaji wọ̀n wọ́n fún ẹ̀wù tuntun. Ará Ìpele kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu àlejò tí kò tíì mu omi, kì í sì í gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni tó mu omi tí kò tíì jẹun. Nítorí náà ó pẹ́ kí téèpù tó jáde lápò. Bí Alhaji ṣe ń wọn èjìká wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó bi wọ́n ní ìbéèrè rẹ̀.

Bàbá kan tó ní oyè mẹ́rin nínú ìjọ, tó sì kọ́kọ́ ka gbogbo rẹ̀ fún wa, ní, "Àmì ìṣẹ́gun ni."

"Ta lẹ ṣẹ́gun, Bàbá?"

"Àwọn ọ̀tá."

Obìnrin kan láti ẹ̀yìn ní, "Ààbò ni. Bí mo bá wọ̀ ọ́, àjẹ́ kankan kò lè sún mọ́ mi."

Bàbá olóyè mẹ́rin ní, "Ẹ̀wù kọ́ ló ń dáàbò boni, Màmá Ṣadé."

"Bí kì í bá ṣe ẹ̀wù, kí ló dé tí ẹ fi wọ tiyín lọ sílé ẹjọ́ lọ́jọ́ kan?"

Àwọn akọrin rẹ́rìn-ín títí tí téèpù fi já bọ́. Ìyá àgbà kan tó ti jẹ́ ọ̀gá iléèwé tẹ́lẹ̀ wá bá wọn parí rẹ̀, ó ní ohun tí wọ́n ń fi dá ìjọ tiwọn mọ̀ yàtọ̀ sí àwọn tó ń lọ láìwọ bàtà ni. Gbogbo wọn gbà pé òótọ́ ni, nítorí ìyá náà ti na gbogbo wọn lẹ́gba rí.

A padà sínú ọkọ̀. Mo rí i nínú dígí pé Núrù ń pa ẹ̀rín mọ́ra. Bàbá rẹ̀ ní tirẹ̀ ti wá gba èsì mẹ́ta tó ń bá ara wọn jà.

Elégbèka

Ọ̀rẹ́ Alhaji kan, àgbẹ̀ oníkòkó, ló gbà wá lálejò ní Elégbèka. Onígbàgbọ́ ni òun àti ìyàwó rẹ̀. Ọ̀yà tí wọ́n yan ni wọ́n fi se ọbẹ̀ fún èmi. Wọ́n gbé ọbẹ̀ ẹja àti ẹyin wá fún Alhaji àti Núrù, láti inú ìkòkò mìíràn. Mo bi obìnrin náà léèrè. Ó ní ìkòkò yẹn, àwọn àlejò tí kì í jẹ ẹran ìgbẹ́ nìkan ló wà fún, nǹkan mìíràn kò wọ inú rẹ̀ rí. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ ibi tí ó ń kó ìgbálẹ̀ sí.

Mo ti lọ sí àpérò lórí ìfaradà láàárín ẹ̀sìn, ní òtẹ́ẹ̀lì ńlá. Wọ́n fún wa ní báàgì, wọ́n fún wa ní bírò, àwọn ọ̀mọ̀wé sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Kò sí ẹni tó dárúkọ ìkòkò. Inú mi dùn pé obìnrin yìí àti èmi jọ ń ṣe ẹ̀sìn kan náà, orí mi sì wú bí ẹni pé èmi ni mo ra ìkòkò náà.

Orí wíwú yẹn ló ṣe mí ní jàǹbá. Nígbà tí àkókò ìrun Alásàrí tó, mo bá Alhaji gbé kẹ́tùlù àlùwàlá, ó tẹ́ ẹní rẹ̀ sábẹ́ igi, òun àti ọmọ rẹ̀ kírun. Bí ó ṣe ń ká ẹní náà ni ọgbọ́n kan sọ sí mi lórí, mo sì rò pé ọgbọ́n náà mú.

Mo ní, "Alhaji, ẹ̀yin náà ń kọjú sí ilé olókùúta kan ní Mẹ́kà. Ṣé òun lẹ ń sìn ni?"

Àgbẹ̀ náà wo ilẹ̀. Alhaji ń ká ẹní lọ. Núrù ló dáhùn, ohùn rẹ̀ kò sì ga.

"Rárá, ẹ̀gbọ́n. Ọlọ́run là ń sìn. A kàn ń kọjú síbẹ̀ ni, kí gbogbo wa lè kọjú síbì kan. Ẹ rí i bí mo ṣe dá yín lóhùn? Irú ìdáhùn kúkúrú bẹ́ẹ̀ náà ni mo ń béèrè lọ́wọ́ yín láti àárọ̀."

Alhaji wá ní, "Mo rò pé ẹ̀sìn rẹ lo fẹ́ sọ fún mi. N kò mọ̀ pé ẹjọ́ lo wá bá mi rò."

Ó wọ ọkọ̀, ó jókòó sẹ́yìn, ó fi àpò ẹ̀wù sí ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀. Ẹran ọ̀yà tí wọ́n dì fún mi ní ìrìn-àjò, mo jẹ ẹ́ tán lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n kò dùn tó ti àkọ́kọ́.

A rìn jìnnà. Igbó wà ní ọ̀tún, ó wà ní òsì. Núrù ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Ohun tí ẹ ń sọ yìí, ṣé ẹ gbà á gbọ́ ni, àbí ẹ kàn kà á?"

Kò sí ẹni tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí ní yunifásítì. Níbẹ̀, ìwé tí ènìyàn kà ni wọ́n ń béèrè. Mo ní mo gbà á gbọ́. Mo gbà á gbọ́ kí n tó lọ, mo sì tún gbà á gbọ́ lẹ́yìn tí mo jáde, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láàárín méjèèjì mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀.

"Ẹ wá gbé ìwé sílẹ̀ nígbà náà. Bàbá mi fẹ́ kí ó yé òun. Ẹ̀rù ń bà á ju bí ẹ ṣe rò lọ."

Arímògìjà

A wọ Arímògìjà ní àsìkò tí àwọn obìnrin ń bọ̀ láti oko. Èdè tí wọ́n ń bá ara wọn sọ kò tilẹ̀ jọ ti Ọ̀wọ̀; Alhaji pàápàá di àjèjì níbẹ̀, mo sì gbádùn ìyẹn díẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó dá mi dúró ni ẹrù wọn. Ní ilé wa, orí ni ẹrù ń gbé. Níbí, ẹ̀yìn ni wọ́n ń gbé e pọ̀n. Agbọ̀n gígùn kan, okùn méjì kọ́ èjìká, iṣu àti igi ìdáná kún inú rẹ̀, àwọn obìnrin sì tẹ̀ síwájú díẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, wọ́n ń rìn, wọ́n ń tàkúrọ̀sọ.

Ọ̀kan nínú wọn yà sọ́dọ̀ wa ní iwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Opó kan ni, Ìyá Ìtùnú ni wọ́n ń pè é, òun ni olórí àwọn akọrin. Ó sọ agbọ̀n rẹ̀ kalẹ̀, ó fi Yorùbá tó já geere kí wa, ó nu ọwọ́, ó ní kí wọ́n gbé ẹ̀wù tòun wá kí òun wò ó bóyá ó gba òun. Àwọn akọrin mìíràn ti ń dé.

Ó wọ̀ ọ́. Ó balẹ̀ bí ẹni pé ara rẹ̀ ni wọ́n ti gé e. Ó yíra padà kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lè rí i.

Wọ́n ní, "Ẹ̀yìn ṣófo."

Ó ní, "Alhaji, àgbélébùú wa dà?"

Alhaji di àpò mú. Ó ní, "Ó kù, ìyá. Ó kù díẹ̀." Ó sì wò mí. Kì í ṣe ojú ìbínú. Ojú ẹni tó ń retí ọkọ̀ tí ó ti ń pẹ́ jù ni.

Mo wo ẹ̀yìn obìnrin náà. Búláòsì tó wọ̀ lọ sí oko hàn díẹ̀ lábẹ́ ẹ̀wù funfun náà, nítorí aṣọ fẹ́lẹ́ ni. Ibi tí agbọ̀n ti ń ha á ti ṣá, láàárín èjìká méjèèjì, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ já. Ibẹ̀ gan-an ni àgbélébùú máa ń wà.

Mo ní, "Alhaji, wọn kì í sìn ín. Ẹrù ni."

Ó ní, "Ẹrù ta ni?"

"Àwọn aláṣẹ ìgbà náà ní kí wọ́n pa Jésù bí wọ́n ṣe ń pa ẹrú àti ọ̀daràn, kí wọ́n kan án mọ́ igi níta gbangba. Òun fúnra rẹ̀ ni wọ́n mú kó gbé igi náà sẹ́yìn jáde nílùú. Ó gbé e. Ṣáájú ìgbà yẹn ló sì ti sọ fún àwọn tó ń tẹ̀lé e pé ẹni tó bá fẹ́ bá òun rìn, kí ó gbé tirẹ̀. Wọ́n ní kí ẹ rán an sẹ́yìn, ẹ sì ti ń rán an síbẹ̀ láti ọjọ́ yìí. Ẹni tó wọ̀ ọ́ kò rí i. Kò lè forí balẹ̀ fún un. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ló ń rí i, kó lè mọ irú ènìyàn tó wà níwájú òun."

Kò sí Gíríìkì nínú rẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu bí ó ṣe kúrú tó.

Alhaji ní, "Ìwé tiwa sọ pé wọn kò pa á. Ọlọ́run gbé e lọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀ ni."

"Mo mọ̀, sà. Ibẹ̀ la ti pínyà, n kò sì ní bò ó fún yín. Àwa gbà pé wọ́n pa á, ó kú, wọ́n sin ín, Ọlọ́run sì jí i dìde ní ọjọ́ kẹta."

Núrù sún mọ́ wa. "Ẹ̀gbọ́n, Ọlọ́run kò ní fi ìránṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n fi ṣe ẹlẹ́yà bẹ́ẹ̀. Ohun tí kò jẹ́ kó wọ̀ mí létí nìyẹn."

Mo ní, "Ohun tó mú èmi dúró nínú rẹ̀ nìyẹn. A gbà pé ó fi ara rẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n fi òun ṣe ẹlẹ́yà, kí ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá ń fi ṣe ẹlẹ́yà láyé má baà rò pé Ọlọ́run kò dé ibẹ̀ rí."

Ìyá Ìtùnú ṣì kẹ̀yìn sí wa, ó ń fa ẹ̀wù náà balẹ̀ níwájú. Kò yíjú padà kó tó sọ̀rọ̀.

Ó ní, "Nígbà tí ọkọ mi kú, wọ́n ní èmi ni mo pa á. Bí mo bá dé ọjà, wọ́n á palẹ̀ ọjà mọ́. N kò lọ bá ẹni tí wọn kò parọ́ mọ́ rí. Kí ló máa mọ̀ níbẹ̀? Ẹni tí wọ́n parọ́ mọ́ títí tí wọ́n fi pa á ni mo lọ bá." Ó wá yíjú padà. "Ṣé torí èyí lẹ ò ṣe rán an? Ẹ ò kúkú bi mí."

Alhaji ní, "A ti bi ọ́ báyìí, ìyá."

Núrù lọ dúró nídìí agbọ̀n tó wà nílẹ̀. Ó fi ọwọ́ kan okùn rẹ̀, ó gbé e sókè díẹ̀ láti mọ bí ó ṣe wúwo tó, ó sì gbé e padà sílẹ̀. Iṣu ibẹ̀ kò kéré.

Ó ní, "A kì í sin ẹrù."

Ó bọ̀ sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ohun tí mo gbà gbọ́ kò yí padà. Èmi kò ní fi ọwọ́ mi rán an. Ṣùgbọ́n ohun tí mo rò pé wọ́n ń ṣe kọ́ ni wọ́n ń ṣe. N kò ní bi yín mọ́."

Bàbá rẹ̀ ní, "Ṣọ́ọ̀bù ńkọ́?"

"Ẹ̀wù àti kóòtù àti ṣòkòtò wà tí mo lè rán títí ayé. Àgbélébùú á jẹ́ tiyín. Lẹ́yìn ọjọ́ yín, a ó mọ bí a ó ti ṣe é."

Alhaji jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ó tú àkísà náà. Ó mú abẹ́rẹ́, ó mú òwú pupa, ó ń wá ojú abẹ́rẹ́ nínú ìmọ́lẹ̀ tó ti ń lọ. Òwú kọjá lápá ọ̀tún, ó kọjá lápá òsì. Núrù wò ó títí. Lẹ́yìn náà ó gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ki òwú bọ̀ ọ́, ó so ó nídìí, ó sì dá a padà. Ó gba èkejì. Bí bàbá ṣe ń rán ni ọmọ ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́, ọmọ kò sì fi abẹ́rẹ́ gún aṣọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Èmi ní tèmi dúró sí àárín, mo fọwọ́ lẹ́yìn, mo ń retí kí ẹnì kan yìn mí. Ìyá Ìtùnú ní, "Ọ̀gbẹ́ni, bí ẹ ò bá ní ṣe nǹkan kan, ẹ bá wa gbé àtùpà wá fún wọn."

Mo gbé àtùpà.

Ẹ̀wù yín

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ akọrin, mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ bi mí. Ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá Alhaji ti di ẹni ìgbàlà. Alhaji kírun Mọ̀gàríbà ní iwájú ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, àwọn akọrin sì dúró dè é kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ orin tí wọ́n fi dán ẹ̀wù wò. Mùsùlùmí ló bá mi lọ, Mùsùlùmí ló bá mi bọ̀. Èmi náà kò wọ mọ́sáláṣí bọ̀. Ẹ tún fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀wù wọn ló jẹ́ kí wọ́n nà wá. Mo gbọ́ orin àwọn ará Arímògìjà kí wọ́n tó wọ ẹ̀wù, mo tún gbọ́ ọ nígbà tí wọ́n wọ̀ ọ́. Ẹ jẹ́ ká máa dán orin wò dáadáa.

Mo ti ń ka ara mi sí onígbàgbọ́ tó lajú láti ọjọ́ pípẹ́, ẹni tó lè fi gbogbo ẹ̀sìn ṣe yẹ̀yẹ́ tó sì tún jókòó sí ìlà kejì ní ọjọ́ Àìkú. N kò mọ̀ pé n ó tún fi ìgbàgbọ́ yìí yangàn mọ́. Mo fi yangàn. Mo sọ ọ́ ní gbangba fún ọkùnrin méjì tí kò gbà á, mi ò ki ọ̀rọ̀ kankan bọ̀ ọ́ láti fi bo ìtìjú rẹ̀, wọ́n sì bá mi jókòó títí mo fi sọ ọ́ tán.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí mo fẹ́ padà sílé láti Ọ̀wọ̀, Alhaji yọ téèpù. Ó wọn àyà mi, ó wọn apá mi, ó pe òǹkà rẹ̀ fún Núrù ní èdè Ọ̀wọ̀.

Ó ní, "Yíjú padà."

Mo kẹ̀yìn sí i.

"Má tẹ̀ síwájú bẹ́ẹ̀. O kò tíì ru nǹkan kan."

Mo nàró. Mo gbọ́ ṣọ́ọ̀kì tó fi ń sàmì sí aṣọ, tó fà láàárín èjìká mi méjèèjì, ẹ̀ẹ̀kan ní òró, ẹ̀ẹ̀kan ní ìbú. N kò lè rí i. Mo dúró bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tó ti wọ̀n mí tán, torí mo fẹ́ kí Núrù, tó wà lẹ́yìn mi, rí i dáadáa.